Sàmósà Ojú Títì: Ẹran Nìkan Kọ́ Ni Ó Yẹ Kí Mùsùlùmí Béèrè

Bí oòrùn bá ti ń rọ̀ ní àgbègbè Alímọ̀ṣọ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní oríta Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Ìgàndò, òórùn òróró gbígbóná ni í kọ́kọ́ pàdé wọn. Kì í ṣe àkàrà, dùńdú àti pọfpọf nìkan ni ó wà nínú agbada mọ́. Sàmósà onígun mẹ́ta àti ìyẹ̀fun wíwé tí wọ́n ń pè ní spring roll ti bá wọn dé orí tábìlì. Ohun tí ó jẹ́ pé ilé ìtura ńlá àti ibi àsè olówó ni wọ́n ti ń rí i tẹ́lẹ̀, ọmọ ilé-ìwé ti ń fi owó ọkọ̀ rà á báyìí. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà sí Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó tó o. Ní ibi tí èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ẹ̀bá títì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Òun ni ó fà á tí ìbéèrè fi ń jáde láàrin àwọn olùfọkànsìn: ǹjẹ́ ó tọ́ kí Mùsùlùmí tọ́ oúnjẹ àwọn ará Éṣíà yìí wò? Àwọn kan ní oúnjẹ abọ̀rìṣà Íńdíà ni. Àwọn kan ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ará Ṣáínà ń dì sínú rẹ̀. Ìbéèrè náà dára, nítorí pé ẹni tí ó bá ń wádìí ohun tí ń wọ ikùn rẹ̀, ó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń darí ìbéèrè náà sí kọ́ ni ewu pọ̀ sí jù.

Ẹni tí ó bá pe sàmósà ní oúnjẹ abọ̀rìṣà kò mọ ìtàn rẹ̀. Ilẹ̀ Páṣíà ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Sanbosag ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àwọn Lárúbáwá sì sọ ọ́ di sanbusaj. Ìwé oúnjẹ sísè tí Ibn Sayyar al-Warraq kọ ní Bàgídádì ní ọ̀rúndún kẹwàá ti mẹ́nu bà á. Nígbà tí Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ Mòrókò, dé ààfin Sultan Muhammad bin Tughluq ní Delhi ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ó bá a lára oúnjẹ tí wọ́n gbé ka iwájú àlejò: ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi álímọ́ńdì, àlùbọ́sà àti èròjà amóúnjẹ-ta-sánsán sè, tí wọ́n wé sínú ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì fi ọ̀rá wàrà dín. Ibn Battuta kan náà ni ó dé ilẹ̀ Mali ní ọdún 1352. Kò sí ata rodo tàbí ata ṣọ̀ńbọ̀ nínú sàmósà ìgbà náà, nítorí pé Amẹ́ríkà ni irú ata bẹ́ẹ̀ ti wá, ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbé e dé Íńdíà. Spring roll ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tí àwọn ará Ṣáínà ń jẹ láti fi kí àsìkò ìrúwé káàbọ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Àwọn ará Íńdíà ti ń ṣòwò ní Èkó tipẹ́. Ilé-iṣẹ́ Chellarams bẹ̀rẹ̀ òwò ní Nàìjíríà ní ọdún 1923, nítorí náà kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu pé oúnjẹ wọn bá wọn dé. Alásè Èkó gbà á, ó sọ ọ́ di kékeré, ó kó o pọ̀ mọ́ pọfpọf àti mósà, ó sì pe gbogbo rẹ̀ ní small chops. Àkàrà pàápàá ti rin irú ìrìn yìí rí. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil ni wọ́n gbé e dé ibẹ̀. Acarajé ni orúkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún, epo pupa ni wọ́n sì fi ń dín in títí di òní. Ní ọdún 2005 ìjọba Brazil forúkọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń dín in sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè náà. Àkàrà yìí kan náà ni wọ́n fi ń bọ Ọya, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Síbẹ̀ kò sí Mùsùlùmí Ìgàndò tí yóò tìtorí ìyẹn kọ àkàrà àárọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ka ẹ̀sùn ìbọ̀rìṣà sí àkàrà lọ́rùn, kí ó má kà á sí sàmósà lọ́rùn.

Ní ti ẹran, ọ̀rọ̀ náà ní ojú méjì. Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì ni ó máa ń pọ̀ jù nínú spring roll tí wọ́n ń tà ní ẹ̀bá títì, ẹran màlúù lílọ̀ ni ó sì wọ́pọ̀ nínú sàmósà. Púpọ̀ nínú ẹran màlúù tí Èkó ń jẹ, ibùpa ẹran Òkò-Ọba ní Agége ni ó ti ń jáde, àwọn Mùsùlùmí sì pọ̀ láàrin àwọn apẹran ibẹ̀. Hádíìsì kan wà tí Bukhari gbà wá láti ọ̀dọ̀ ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo, Aisha (R.A.), pé àwọn kan wá sọ fún Ànọ́bì (S.A.W.) pé àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn ń gbé ẹran wá fún àwọn, àwọn kò sì mọ̀ bóyá wọ́n dárúkọ Ọlọ́hun sí i nígbà tí wọ́n pa á. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí àwọn tí ó fẹ́ jẹ ẹ́ dárúkọ Ọlọ́hun, kí wọ́n sì jẹ ẹ́. Ẹni tí ó wá dúró ti obìnrin oníṣàmósà lọ́rùn ní Ìkòtún, tí ó ń wádìí orúkọ apẹran àti ìlú tí wọ́n ti bí i, ẹrù tí ẹ̀sìn kò dì fún un ni ó ń gbé.

Ṣùgbọ́n níbi tí àmì bá ti hàn, ìwádìí di dandan. Ilé oúnjẹ tí ó bá ń ta ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní gbangba, ó ṣeé ṣe kí spring roll oníkábéèjì rẹ̀ jáde láti inú òróró kan náà tí wọ́n fi dín ẹlẹ́dẹ̀. Níbẹ̀, “Ṣé ẹran wà nínú rẹ̀?” kò tó ní ìbéèrè, “Inú òróró wo ni ó ti jáde?” ni ó kù. Àwọn ará Éṣíà tìkára wọn mọ èyí. Ní Singapore, nínú àwọn ọgbà oúnjẹ tí Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ti jọ ń jẹun, wọ́n ya ibi tí wọ́n ń dá àwo oúnjẹ hàlálì padà sí sọ́tọ̀. Indonesia ṣe òfin ọjà hàlálì ní ọdún 2014. Ó di dandan fún àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ńlá àti aláàárín láti ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n sì fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní àyè di oṣù kẹwàá ọdún 2026.

Ọ̀rọ̀ ẹran ti sìn ọ̀rọ̀ dé inú òróró, ibẹ̀ gan-an ni ó sì yẹ kí ó ti pẹ́. Nínú Súrátù Bákárà, ẹsẹ 168, Àlùkùráánì Alápọ̀n-ọ́nlé so nǹkan méjì pọ̀ nígbà tí ó ń pàṣẹ oúnjẹ fún ọmọ ènìyàn: kí ó jẹ́ hàlálì, kí ó sì jẹ́ tayyib, èyí tí í ṣe ohun tí ó dára tí ó sì mọ́. Ọ̀pọ̀ olùfọkànsìn di ọ̀kan mú ṣinṣin, wọ́n fi èkejì sílẹ̀ sí ìdí agbada.

Òróró tí ó bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tí omi inú ẹ̀wà lílọ̀ sì ń bọ́ sínú rẹ̀, kì í wà bí wọ́n ti rà á. Omi ń tú u, afẹ́fẹ́ ń bà á jẹ́, ẹ̀érún ìyẹ̀fun tí ó rì sísàlẹ̀ ń jóná. Yóò dúdú, yóò ki, yóò máa hó fóòfò, yóò sì máa rú èéfín kí ó tó gbóná dáadáa. Àwọn onímọ̀ ìlera so jíjẹ irú òróró bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn. Bíbu òróró tuntun lé ti àná lórí, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní ẹ̀bá títì, kì í wẹ ti àná mọ́. Ti àná ni í yára ba tuntun jẹ́. Mùsùlùmí tí ó bá wádìí ẹran inú sàmósà tán, tí ó wá jẹ ẹ́ láti inú òróró tí ó dúdú bí ọ́ìlì mọ́tò, kí ni ó wádìí?

Ìlú tí sàmósà ti gbajúmọ̀ jù ti jí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Íńdíà, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ, FSSAI, pàṣẹ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2018 pé òróró tí èròjà bíbàjẹ́ inú rẹ̀ bá ti kọjá 25 nínú 100 kò gbọdọ̀ wọ agbada mọ́. Ní ọdún 2016, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọdún 2023, àjọ náà kìlọ̀ pé kí àwọn ènìyàn yé fi ìwé ìròyìn wé ohun dídín, nítorí pé májèlé bí òjé lè wà nínú tàdáwà rẹ̀. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, ìwé ìròyìn àti ìwé ìdánwò ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n ṣì fi ń fa òróró kúrò lára sàmósà. Sàmósà ti wọ̀lú, òfin rẹ̀ ṣì wà ní èbúté. Nàìjíríà náà kò káwọ́ gbera: òfin ọ̀rá àti òróró tí NAFDAC gbé jáde ní ọdún 2022 kò fẹ́ kí ọ̀rá trans tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe kọjá gíráàmù 2 nínú gíráàmù 100 ọ̀rá. Ṣùgbọ́n irú òfin bẹ́ẹ̀ rọrùn láti mú ṣẹ ní ilé-iṣẹ́ tí ó ní ẹnu ọ̀nà àti pátákó orúkọ ju ní oríta Ìkòtún lọ.

Àwọn àgbà kan yóò wí pé ìyá àwọn tún òróró lò títí, ó sì dàgbà, ó darúgbó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àkàrà àárọ̀ ni ìyá náà ń dín, ọjà rẹ̀ sì ti tán kí oòrùn tó mú. Epo pupa, tí ó máa ń fara da iná ju òróró sóyà lọ, ni ó sì sábà máa ń wà nínú agbada rẹ̀. Agbada oríta ti òde òní, láti ọ̀sán títí di òru ni ó ń jó. Àwọn ọmọ tí ń jẹ níbẹ̀ kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni di gbogbo ẹ̀bi ru obìnrin tí ó wà nídìí iná. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, owó òróró àti fúláwà ti gun orí àjà. Àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà, òkèèrè ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. (Ẹ̀wà kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó ń gbin irú ẹ̀wà tí ó wà nínú àkàrà tó Nàìjíríà.) Bí obìnrin náà bá ń da òróró nù lójoojúmọ́, èrè rẹ̀ bá a lọ. Oníbàárà tí ó ń ná ọjà dé egungun, tí ó fẹ́ kí sàmósà tóbi sí i kí owó rẹ̀ sì má kúrò ní ti èṣí, òróró dúdú ni ó ń sanwó fún láìmọ̀.

Àwọn Mùsùlùmí ìgbà ìṣáájú kò ka ìdí agbada sí ohun tí kò kan ẹ̀sìn. Ní ọ̀rúndún kejìlá, al-Shayzari kọ ìwé ìtọ́nà fún àwọn alábòójútó ọjà ní ilẹ̀ Síríà, ó sì ya orí ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń dín zalabiya, èyí tí ó jọ pọfpọf. Kí ìyẹn tó dé, Ànọ́bì (S.A.W.) tìkára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Muslim ti gbà á wá, ti ọwọ́ bọ inú òkìtì ọkà ní ọjà, ó bá ọ̀rinrin ní abẹ́ rẹ̀, ó sì bá olówó ọjà náà wí pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Òróró tí wọ́n fi ìdérí bò lábẹ́ tábìlì, ọmọ ìyá ọkà tútù ni.

Kò sí ẹni tí yóò yan alábòójútó ọjà fún Ìkòtún lọ́la. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn múlẹ̀ lọ́dọ̀ alásè ju ti ẹni tí ó ra ẹyọ méjì lọ. Ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí tí ń ra ohun ìṣínu ní gbogbo oṣù Ramadan, àti ẹbí tí ó ń ṣe nìkáà, tí wọ́n ń ra ọgọ́rọ̀ọ̀rún páálí lẹ́ẹ̀kan, lè sọ fún alásè kí ó tó gba owó pé òróró tuntun ni àwọn fẹ́, kí wọ́n sì fi owó òróró náà kún un. (Nìkáà kan wà tí wọ́n lé onílù níbẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, tí owó small chops rẹ̀ sì ju owó sàdáàkì ìyàwó lọ, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Bí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ ní Alímọ̀ṣọ́, alásè yóò ka òróró mọ́ owó ọjà rẹ̀ bí ó ti ń ka fúláwà.

Òróró tí ó bá sì ti dúdú kò ní láti wọ gọ́tà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń gba òróró àlòkù lọ́wọ́ àwọn tí ń dín sàmósà, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di epo ọkọ̀. Kò tíì dandan kí Ìgàndò dé ibẹ̀ lónìí. Ọṣẹ ṣeé fi irú òróró náà ṣe, àwọn tí ń se ọṣẹ kò sì jìnnà sí ọjà.