Ta Ló Wo Aláìsàn Sàn?

Ní oṣù Keje ọdún 2020, Dókítà Stella Immanuel, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Nàìjíríà, sọ ní Washington pé òun ti tọ́jú alárùn Kòrónà tó lé ní 350, òun fún wọn ní hydroxychloroquine, ẹnì kankan ò sì kú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí àrùn náà mú, ara wọn yá láìlo oògùn yìí rárá. Ìwádìí RECOVERY nílùú Ọba pín àwọn aláìsàn bí ẹni ṣẹ́ kèké: 1,561 gba oògùn náà, 3,155 kò gbà á. Láàárín ọjọ́ 28, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún kú lára àwọn tó gbà á. Ìdá 25 lára àwọn yòókù. Àwọn kan sọ pé ọsibítù ni wọ́n ti ṣe ìwádìí náà, pé ó ti pẹ́ jù kí wọ́n tó fún àwọn aláìsàn ní oògùn náà. Ó dáa, àmọ́ ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ fi àwọn tó tètè lò ó wé àwọn tí kò lò ó. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ sì lè ṣeni ní jàǹbá: ní oṣù Kẹta ọdún 2020 kan náà, àwọn tó lo chloroquine, oògùn tó jọ hydroxychloroquine, ní àlòjù dèrò ọsibítù l'Ékòó. Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá tún gbé oògùn kan wá, ẹ kọ́kọ́ béèrè: àwọn tí kò lò ó ńkọ́?