Kí Ẹ Tó Ta Ilẹ̀ Nítorí Ilé-Ìwé Dókítà

Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ẹgbẹ́ ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù yẹn kan náà, ọmọ ogun Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine. Ẹ bá mi wò ó. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá péré, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà nílé ti jókòó sílé, èyí tó lọ kọ́ ọ ní Kharkiv àti Sumy sì ń sá àsálà lọ sí bodè Poland, Hungary àti Romania. Oṣù mẹ́jọ ni ti ASUU gbà. Ti àwọn ará ọ̀hún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fi èyí ṣáájú torí pé tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti délẹ̀ láàárín wa, ńṣe la máa ń pín sí méjì. Àwọn kan á ní, "Jápa jàre, ASUU ò ní jẹ́ kó o parí láéláé." Àwọn kan á ní ilé ni ilé ń jẹ́. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀: níbo ni àwọn aláìsàn tẹ́ ẹ máa fi kọ́ṣẹ́ wà, ta ló sì máa fún yín níwèé-àṣẹ?

Ìtàn Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ti dáhùn apá kan. 1948 ni wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì London. Ìwé kíkà wà, olùkọ́ wà, síbẹ̀ London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àkọ́kọ́ ní láti lọ parí ẹ̀kọ́ wọn, torí pé ọsibítù tó tóbi tó kò sí nílẹ̀. Adéọ̀yọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi gbé e. Ìgbà tí UCH ṣílẹ̀kùn ní 1957 ni nǹkan yí padà. Bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ló sọ ibẹ̀ di ilé-ìwé dókítà. Láti 1963 ni wọ́n sì ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ìgbò-Ọrà ní Ìbàràpá, kí wọ́n lè mọ bí àìsàn ṣe ń rí lábúlé.

Ẹ̀kọ́ másítà tí mò ń ṣe dá lórí kòkòrò tó ń fa ibà, ẹ má bínú tí mo bá mú àpẹẹrẹ níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan, ara rẹ̀ gbóná, ó ń bì. Tó bá jẹ́ ní Mọ́níyà, ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni dókítà á kọ́kọ́ rò, á sì tún bi ìyá rẹ̀ nípa jínótáìpù ọmọ, torí pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, fọ̀níkú-fọ̀ladìde sì lè fara pa mọ́ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ní Kharkiv, ibà ẹ̀fọn á wà nísàlẹ̀ pátápátá, àfi tí ọmọ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wa dé. Àmì kan náà, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀. Bí àìsàn bá ṣe wọ́pọ̀ tó ládùúgbò ló ń sọ bó ṣe yẹ kéèyàn gba àmì àti èsì àyẹ̀wò gbọ́ tó. Ìwé lè sọ èyí fún yín ní ojú ewé kan. Ọwọ́ tó ti tẹ ikùn igba aláìsàn ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ èdè. Bàbá àgbẹ̀ kan dé láti Ìjàyè, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ń dà òun láàmú. Kí ni wọ́n ń sọ gan-an? Ó lè jẹ́ ìdí yíyọ, ó lè jẹ́ ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbọ́ irú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù lójoojúmọ́ mọ ìbéèrè tó kàn. Ẹni tó wà ní Ukraine á kọ́kọ́ kọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀ kó tó lè bá aláìsàn sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní kíláàsì.

Mi ò sọ pé ilé dùn o. Láti ìparí 2024 wọ 2025, ó lé ní 100 ọjọ́ tí UCH fi wà láìsí iná ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sì jáde fẹ̀hónú hàn. Ìyanṣẹ́lódì 2020 náà wà níbẹ̀, ọdún mẹ́fà á sì di mẹ́jọ. Babcock àti Afẹ́ Babalọlá kì í bá wọn yanṣẹ́ lódì, àmọ́ owó wọn kì í ṣe owó ẹ̀gẹ́.

Ní Akínyẹlé wa níbí, láti ìgbà tí rélùwéè ti dé Mọ́níyà, ilẹ̀ ti di wúrà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ ta pílọ́ọ̀tì mẹ́ta nínú oko torí ọmọbìnrin wọn tí máàkì JAMB rẹ̀ kò gbé e dé Medicine. Èjẹ́ǹtì kan ti gbé ìwé aláwọ̀ mèremère wá. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi bi wọ́n pé ọsibítù wo làwọn ọmọ ti ń kọ́ṣẹ́." Wọ́n wò mí títí. "Ṣé ìwọ ò fẹ́ kí àbúrò ẹ di dókítà ni?" Mo ní mo fẹ́ ẹ, sà, ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn. Wọn ò tíì ta ilẹ̀ náà, wọn ò sì tíì dárí jì mí.

Ohun tí èjẹ́ǹtì kì í sọ ni pé ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ dókítà lókè òkun ní láti yege nínú ìdánwò MDCN kó tó lè ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Nígbà tí ogun dé, MDCN kéde pé àwọn ò ní gba ìwé-ẹ̀rí ìṣègùn láti Ukraine láti 2022 títí ẹ̀kọ́ á fi padà bọ̀ sípò, torí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ́ wọn. Ó dun àwọn ọmọ náà wọra, ó sì yẹ kó dùn wọ́n, àmọ́ ta ló fẹ́ kí ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí lórí Zoom gbẹ̀bí òun? Kùtọnu ńkọ́? Ní ìparí 2023, akọ̀ròyìn kan fi hàn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lòun fi gba dígírì níbẹ̀. Kí oṣù kìíní 2024 tó parí, ìjọba ti dá gbígba ìwé-ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Togo dúró, àtẹni tó ṣiṣẹ́ àtẹni tó ra á ló sì kàn.

Tẹ́ ẹ bá rí sikọ́láṣíìpù gidi, tàbí ó dá yín lójú pé ibẹ̀ lẹ máa gbé títí ayé, ẹ lọ. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, èmi á ní kẹ́ ẹ tún JAMB ṣe, kẹ́ ẹ wọ ibi tí MDCN fọwọ́ sí nílé. Dókítà tó jáde ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ ṣì lè ṣe PLAB lọ sí ìlú ọba, tàbí USMLE lọ sí Amẹ́ríkà, láìta oko ẹnikẹ́ni. Tí èjẹ́ǹtì bá sì ti wà nílé yín báyìí, ẹ bi í ní orúkọ ọsibítù, iye bẹ́ẹ̀dì tó wà níbẹ̀, àti iye àwọn tó jáde níbẹ̀ tó yege ìdánwò MDCN. Tó bá ní òun á padà pè yín lórí ìyẹn, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ pè ná.