Rọ́bà Kò Jẹ̀bi, Ọwọ́ Tó Dè É Ni

Bí búṣì tuntun bá ya láàárín oṣù díẹ̀, ẹjọ́ kì í pẹ́ kí wọ́n tó dá a: mẹkáníìkì á ní ayédèrú ni ọlọ́jà tà, ọlọ́kọ̀ á sì tún tọwọ́ bàpò. Ṣùgbọ́n kò ṣọ̀wọ́n kí adájọ́ gan-an jẹ́ ọ̀daràn.

Ẹ wo Mazda MX-5, ọkọ̀ asáré oníjòkòó méjì tí wọ́n fi han aráyé ní ìlú Chicago lọ́dún 1989. Apá irin méjì ló gbé táyà kọ̀ọ̀kan ró, búṣì ló sì wà níbi tí apá náà ti so mọ́ ara ọkọ̀. Búṣì yìí jẹ́ rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ irin méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Tí wọ́n bá ti de bóòtì, irin inú kò lè yí mọ́. Rọ́bà nìkan ló ń lọ́ bí táyà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Wọ́n á fi jáàkì gbé ọkọ̀, táyà á máa fì dirodiro, wọ́n á sì de bóòtì pinpin bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá balẹ̀, apá irin á gòkè, rọ́bà á lọ́, lílọ́ ni yóò sì wà tọ̀sán-tòru, kódà bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan. Ẹni tí wọ́n lọ́ lápá láti òwúrọ̀ dalẹ́, ṣé apá rẹ̀ kò ní bó?

Ohun tó tọ́ kò ṣòro. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi bóòtì há a díẹ̀, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ títí ìwúwo rẹ̀ yóò fi bà lé táyà, kí wọ́n tó wá dè é le. Bí ọwọ́ kò bá ráyè dé ibẹ̀, kí wọ́n fi jáàkì gbé apá náà títí yóò fi ru ẹrù ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún ìdúró táyà yẹ̀ wò, kí táyà má baà jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn kan ní kí a kúkú lo polyurethane, tí kì í lọ́ bíi rọ́bà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó le, ariwo títì á sì máa wọlé. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ díje lè yàn án. Kí ẹnikẹ́ni má fi bo iṣẹ́ àìdáa mọ́lẹ̀.

Irú búṣì rọ́bà bẹ́ẹ̀ ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn. Kí ọlọ́kọ̀ tó ra òmíràn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó bi mẹkáníìkì: nígbà tí ẹ dè é, ṣé ọkọ̀ wà nílẹ̀?