Ẹ Jẹ́ Kí A Gbọ́ Ẹnu Ara Wa Kí A Tó Ka Owó



Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ẹgbẹ́ wa ní ìhà Kétu níbí tí a kò tíì parí. Àwa méjìlélógún ni, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́. A ń ṣe ìpàdé ní ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. A ń dá èsúsú, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní tontine. A ń ran ara wa lọ́wọ́, a sì ń ro àyíká ilé ìwòsàn nígbà òjò. Èmi ni akọ̀wé.

Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí ìpàdé yá. Wọ́n ní kí a dá owó, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kí olúkúlùkù máa lọ. Wọ́n ní àsìkò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn ara wa ti pọ̀ jù. Ní ìpàdé tí ń bọ̀ ni a óò pinnu. Èmi kò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ń ṣe tẹ́lẹ̀ rí. Alága á gbàdúrà, akápò á na ọwọ́, owó á wọlé, ó parí. Ẹni tí kò bá wá, a ó bu ìtanràn 200 fráǹkì lé e. Ìyá kan wà láàrin wa tí ó ń yan gàrí. Ó pa ìpàdé jẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta léra. Inú bí wa. Ẹnì kan ní ó ti lówó ni, kò kà wá sí mọ́. Wọ́n rán èmi àti akápò kí a lọ gba 600 fráǹkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a dé ilé rẹ̀, a bá a lórí ẹní. Ó fi aṣọ di ọwọ́ ọ̀tún. Ìdí agbada gàrí ni iná ti jó o. Ó ti lé ní oṣù kan tí kò lè ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó rí wa, ó rò pé a wá kí òun ni. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ gbé ìjókòó fún wa, kí ó bu omi wá. Akápò wò mí, èmi náà wò ó. A mu omi, a kí i, a padà. Ta ni yóò dárúkọ ìtanràn níbẹ̀?

Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí a ti ń ṣe ìpàdé. Bí a bá pariwo, yóò gbọ́. Nínú ìwé ẹgbẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ orúkọ rẹ̀, tí mo sì kọ “kò wá” sí iwájú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n kọ dáadáa. N kò béèrè ohun tí ó ṣe é.

Láti ọjọ́ náà ni a ti fi òfin kan lélẹ̀: kí a tó ka owó, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ bí ó ti kúrò nílé. Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ tí ọkùnrin kan tí ń mọlé fi sọ pé ọmọ òun obìnrin wà ní kíláàsì tí ó kẹ́yìn ní ilé ìwé kékeré, ṣùgbọ́n kò ní ìwé ìbí. Olùkọ́ ti sọ fún un pé láìsí ìwé náà, ọmọ kò ní lè ṣe ìdánwò. Ó ti rò pé ohun tí ó kọjá agbára òun ni. Ìyá alákàrà kan dìde. Ó ní òun ti rin ọ̀nà náà nítorí ọmọ òun. Ó mọ ilé ẹjọ́ tí a ń lọ, ó mọ iye ẹlẹ́rìí tí a ń mú dání. Ó bá ọkùnrin náà lọ. Ọmọ ṣe ìdánwò. Kò sí fráǹkì kan tí ó jáde nínú àpótí ẹgbẹ́.

Ẹ wò ó: nígbà tí a ń ka owó nìkan, àwọn méjèèjì yìí ti ń jókòó lórí pákó kan náà fún ọdún mẹ́ta.

Àwọn tí ó fẹ́ kí ìpàdé yá ní ẹgbẹ́ ńlá kì í ṣe báyìí. Wọ́n ń tọ́ka sí Rotary, tí ó ní ẹ̀ka ní Kútọnu. Mo ti ka nípa bí Rotary ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo kà kò bá ọ̀rọ̀ wọn mu. Agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Paul Harris ni ó dá a sílẹ̀ ní ìlú Chicago, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1905. Ìlú kékeré tí ènìyàn ti mọ ara wọn ni ó ti dàgbà. Ní Chicago, èrò pọ̀, ọ̀rẹ́ kò sí. Ó pe àwọn mẹ́ta: ọ̀kan ń ta èédú, ọ̀kan ń rán aṣọ, ọ̀kan jẹ́ ẹnjiníà ìwakùsà. Wọ́n pàdé ní ọ́fíìsì ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń yí ìpàdé ká láti ibi iṣẹ́ ẹnì kan dé ti ẹnì kejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè é ní Rotary, ohun tí ń yí. Àwa tí bàbá wa kọ́ ní àáró, tí à ń ro oko ẹni yìí lónìí, tí à ń ro ti ẹlòmíràn lọ́la, kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa.

Kì í ṣe àánú ni ó kọ́kọ́ kó wọn jọ. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ń wá oníbàárà fún ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti mọ ara wọn, ojú wọn là sí ìlú. Ní ọdún 1907, wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní Chicago. Ní ọdún 1979, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Philippines. Ní ọdún 1985, wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ gbogbo ayé. Ìjọba, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé ni wọ́n jọ ṣe é. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, Àjọ Ìlera kéde pé irú àrùn náà ti àtètèkọ́ṣe ti kúrò ní ẹkùn Áfíríkà rẹ̀. Oríṣi mìíràn ṣì yọ ní Benin lẹ́yìn ìgbà náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọmọ pamọ́ fún àwọn alájẹsára.

Ohun kan wà tí n kò lè yìn wọ́n sí. Títí di ọdún 1989, òfin wọn kò gba obìnrin. Bí a bá yọ obìnrin kúrò nínú ẹgbẹ́ wa, yóò ku èmi, alága àti ọkùnrin tí ń mọlé. Ta ni yóò wá máa bá wa wí?

Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi ní ẹjọ́ kan tí ó tọ́, n kò ní fi pamọ́. Ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ ilé ọkọ rẹ̀ ní ìpàdé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà. Ó dùn ún, oṣù méjì ni kò fi la ẹnu mọ́. Èmi rò pé ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ jáde ni kí a bu ìtanràn lé, kí tirẹ̀ sì ju ti ẹni tí kò wá lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ó ní “àlàáfíà ni,” kí ó jókòó. Èmi akọ̀wé kò sì gbọdọ̀ kọ àṣírí sílẹ̀. Ẹni tí yóò ran ẹnì kejì lọ́wọ́ àti ọjọ́ tí wọn yóò jọ lọ ni kí n máa kọ.

Ní ti àsìkò, mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú 44 ni. Ọjọ́ tí à ń yan àwọ̀ aṣọ ẹgbẹ́, a bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, oòrùn wọ̀ bá wa níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní ó pẹ́.

Ìyá oní-gàrí ti padà sí ìdí agbada rẹ̀. Ṣùgbọ́n 600 fráǹkì náà ṣì wà nínú ìwé mi bí gbèsè, nítorí pé akọ̀wé kò lè dá a pa rẹ́. Mo ti ní kí a fa igi lé e. Òun ni ọ̀rọ̀ kejì ní ìpàdé tí ń bọ̀.