Kí Wọ́n Tó Gé Eyín Yín: Fáìlì Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀ Láàárín Dókítà àti Láàbù

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba sún owó tí aláìsàn ń san fún ìtọ́jú eyín onípele kẹta lábẹ́ NHS ní England láti £319.10 sí £326.70. Ìpele kẹta yìí ni crown wà, ìyẹn ìdérí tí wọ́n fi ń bo eyín tó ti fọ́ tàbí tí kòkòrò ti jẹ. Ibẹ̀ náà ni eyín àtọwọ́dá wà. Owó yìí ni gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àmọ́ ohun tí a kì í sábà sọ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, dókítà tí ẹ lọ bá kọ́ ló máa ṣe crown ọ̀hún.

Ẹlòmíì ló ń ṣe é. Ó lè wà ní òpópónà kejì, ó lè wà ní Birmingham, ó sì lè wà ní Ṣáínà, torí àwọn dókítà kan àti àwọn láàbù kan níbí máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sókè òkun. Kò rí ojú yín rí. Kò mọ bí ètè yín ṣe ń ká sókè nígbà tí ẹ bá rẹ́rìn-ín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó ń tẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò ju àmì eyín yín tí wọ́n tẹ̀ sínú ohun rírọ̀ kan, àti ìwé pélébé tí dókítà kọ nǹkan sí: crown, apá ọ̀tún lókè, A2. A2 yẹn ni àwọ̀ eyín, láti inú àtẹ àwọ̀ ilé-iṣẹ́ VITA ti Jámánì, tí àwọn dókítà ń lò káàkiri ayé. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa yín nìyẹn.

Ẹni tí wọ́n bá ti tẹ eyín rẹ̀ rí kò ní gbàgbé. Ohun kan tó dà bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì dáadáa ni wọ́n kó sínú àwo kékeré, tí wọ́n tì bọ ẹnu, títí èébì fi fẹ́ gbé èèyàn. Tó bá dì tán, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí láàbù, láàbù á sì rọ POP sínú rẹ̀ kó lè di àwòṣe eyín. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ bá bo ibi tí dókítà gé eyín dé, ìlà etí rẹ̀ kò ní hàn nínú POP. Láàbù kò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí aláìsàn ti padà síbi iṣẹ́. Wọ́n lè pè é padà. Wọ́n sì lè méfò, kí wọ́n fa ìlà síbi tí wọ́n rò pé etí eyín wà. Ìméfò yẹn ló lè di àlàfo tín-ín-rín lábẹ́ crown. Oúnjẹ á máa há síbẹ̀, kòkòrò á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ eyín tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí crown bá bàjẹ́, dókítà á ní láàbù ló fà á, láàbù á ní dókítà ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ tiwọn yìí kò tilẹ̀ ní ẹlẹ́rìí, torí POP ti fọ́, ìwé pélébé ti sọnù.

Ohun tó ń yí padà ni pé àwọn dókítà púpọ̀ sí i ń lo skánà, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń gbé yí ẹnu po bí ẹni ń fọ eyín. Ó ń ya àwòrán lọ́pọ̀lọpọ̀ kíákíá, kọ̀ǹpútà á sì so wọ́n pọ̀ di àwòrán 3D tí èèyàn lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Fáìlì náà, tó sábà máa ń jẹ́ STL tàbí PLY, lè dé láàbù kí aláìsàn tó dìde lórí àga. Lójú tèmi, èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ kì í ṣe pé ẹ bọ́ lọ́wọ́ èébì. Ó jẹ́ pé ẹni tó wà ní láàbù lè sọ lójú ẹsẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, mi ò rí etí eyín yìí lápá ẹ̀yìn, ẹ bá mi tún un yà." Skánà kì í rí abẹ́ ẹ̀jẹ̀, kò sí idán kankan nínú rẹ̀. Ó kàn ń jẹ́ kí àṣìṣe hàn sí gbangba nígbà tí àtúnṣe rẹ̀ kò tíì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan ni.

Ẹ má rò pé àná ni èyí bẹ̀rẹ̀ o. Ní ọdún 1973, François Duret ní ilẹ̀ Faransé ti kọ̀wé nípa bí ìmọ́lẹ̀ àti kọ̀ǹpútà ṣe lè rọ́pò títẹ eyín. Ní 1985, Werner Mörmann, dókítà eyín ní Zurich, fi ẹ̀rọ CEREC tí òun àti ẹnjinníà Marco Brandestini jọ ṣe tọ́jú aláìsàn àkọ́kọ́. Ó ti ju ogójì ọdún lọ. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé ètò náà ti kúrò lórí gbígbẹ́ eyín nìkan, ó ti dé orí ríro iṣẹ́ náà já kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan.

Ìparí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà ya fọ́tò ojú aláìsàn, ó fi kún fáìlì eyín rẹ̀. Láàbù á wá ya bí eyín náà ṣe máa rí nígbà tí iṣẹ́ bá parí sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á fi 3D printer tẹ àwòṣe rẹ̀ jáde, dókítà á sì fi ohun èlò fún ìgbà díẹ̀ gbé ìrísí yẹn sórí eyín aláìsàn. Aláìsàn á wo dígí, á sọ̀rọ̀, á rẹ́rìn-ín. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n á yọ ọ́ dànù, eyín rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Kò sí télọ̀ tó mọṣẹ́ tó máa gé aṣọ òkè kó tó wọn ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó sọ irú ọ̀nà yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni Christian Coachman láti São Paulo ní ilẹ̀ Brazil, ó sì ṣiṣẹ́ láàbù kó tó di dókítà eyín. Mi ò rò pé ó ṣèèṣì ni pé ẹni tó mọ ìhà méjèèjì ló gbé e lárugẹ.

Èrè rẹ̀ wà nínú mílímítà. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n fi ń ṣe crown nílò kí ó nípọn tó nǹkan bíi mílímítà 1 sí 1.5. Tí dókítà kò bá mọ ibi tí eyín tuntun máa yọ dé, á gé gbogbo rẹ̀ yípo kó má bàa kù díẹ̀ káàtó. Àmọ́ tí ètò bá ti fi hàn pé eyín tuntun máa yọ síwájú díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, apá kan lára àyè yẹn ti wà nílẹ̀ láìgé nǹkan kan. Enamel, ara líle funfun tó bo eyín wa, kì í hù padà. Èyí tí wọ́n bá gé lónìí ti lọ títí ayé.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ eyín Tọ́kì fi kàn wá, àwa tí a wà lórí TikTok. BDA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín ní Ìlú Ọba, ti kìlọ̀ léraléra nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ sókè òkun lọ ṣe veneer, àmọ́ tó jẹ́ pé crown ni wọ́n ṣe fún wọn, tí wọ́n gé eyín tó dára di ṣóńṣó bí èèkàn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: irú skánà àti ètò kọ̀ǹpútà kan náà wà lọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ tó lè jẹ́ kí wọ́n gé díẹ̀ náà ló lè jẹ́ kí wọ́n gé ogún eyín láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìyàtọ̀ wà nínú bóyá ẹnì kan jókòó ro iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, àti bóyá aláìsàn wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rò ó.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí èyí tó kan àwa ọmọ Yorùbá gan-an. Ètò kọ̀ǹpútà tí láàbù ń lò ní àkójọ eyín nínú, bí ìgbà tí èèyàn ń mú fọ́ńtì lórí Word. Tí wọ́n bá ní kó dábàá eyín iwájú, ó sábà máa ń gbé eyín tó kan ara wọn pẹ́kípẹ́kí jáde. Ẹni tó bá ní èjí, tí ìyá rẹ̀ ní èjí, tí gbogbo ìdílé ń sọ pé ẹ̀rín ìyá-ńlá rẹ̀ ló ń rín yẹn, lè lọ tún eyín iwájú kan tó fọ́ ṣe, kó sì bá èjí rẹ̀ ní dídí. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kórìíra rẹ̀. Ẹni tó wà ní láàbù rí àlàfo lórí kọ̀ǹpútà, ó rò pé àléébù ni, ó sì bá a tún un ṣe. Ní ilé wa, ẹwà ni, àwọn kan tilẹ̀ ń sanwó kí wọ́n lè ní in. Láàbù lè fi àlàfo náà sílẹ̀ láìsí wàhálà, kìkì bí wọ́n bá sọ fún un. Ìwé pélébé àtijọ́ kò ní àyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Fọ́tò ojú àti ìjíròrò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní àyè fún un.

Ẹran ìdí eyín náà ńkọ́? Tiwa pọ̀ tó dúdú tàbí tó ní àmì dúdú káàkiri, ara líle sì ni, kì í ṣe àìsàn. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún bàbá tàbí màmá yín, bí dókítà kò bá sọ nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí ó dé pẹ̀lú ẹran àtọwọ́dá aláwọ̀ pínkì fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó dúdú wà lọ́jà o. Ẹ ò ní rí i bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ọ́ sínú fáìlì.

Ọ̀rọ̀ tó tún wà nílẹ̀ ni ti ẹni tó ni ọ̀nà tí fáìlì ń gbà kọjá. Align, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe Invisalign, ló ń ta skánà iTero. Ní 2020, ó ra exocad ti Jámánì, ọ̀kan nínú àwọn ètò tí àwọn láàbù ń lò jù, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 376 yúrò. Ṣáájú ìgbà yẹn, òun àti 3Shape ti Denmark ti gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́, Align sì ti dẹ́kun gbígba àwòrán skánà 3Shape fún Invisalign ní Amẹ́ríkà. Àwọn dókítà tó ti ra skánà olówó ńlá rí i pé ilẹ̀kùn kan ti tì. STL ṣì jẹ́ fáìlì tí gbogbo ètò lè ṣí, ìyẹn ló ń gba láàbù kéékèèké là. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá ni skánà, tó ni ètò, tó sì ń ta ọjà tí wọ́n fẹ́ fi sẹ́nu, ó yẹ ká máa ṣọ́ ọ.

Ta ló máa wá sanwó fún àkókò ìrònú yìí? Lábẹ́ àdéhùn tí NHS England bẹ̀rẹ̀ ní 2006, iye ẹyọ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní UDA ni wọ́n fi ń san owó fún dókítà. Ìpele kẹta jẹ́ 12, yálà crown kan ni tàbí mẹ́ta nínú ìtọ́jú kan náà. Inú owó yẹn ni dókítà ti ń san ti láàbù. Bó ro iṣẹ́ náà fún wákàtí méjì, 12 ni. Bí kò rò ó rárá, 12 náà ni. Kò yani lẹ́nu pé àwọn tó ń sanwó látinú àpò ara wọn ló ń rí ètò tó kún rẹ́rẹ́, tí ẹni tó wà lábẹ́ NHS sì lè máa rí ìwé pélébé. Ìlérí ìjọba pé òun máa pèsè 700,000 àǹfààní ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́dún dára, àmọ́ pàjáwìrì nìyẹn: eyín tó ń dun èèyàn lóru. Kò kan ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà gan-an sì ń dín kù. Láti 2008 ni òfin ti ní kí àwọn oníṣẹ́ láàbù eyín forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GDC bíi dókítà. Àwọn àgbà ń fẹ̀yìn tì, àwọn ọ̀dọ́ kò wọlé tó. Nínú àwọn òbí wa tó ń ka dókítà, lọ́yà, ẹnjinníà bí orin, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ìlera ni lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ eyín ní Èkó nígbà Kérésì kí wọ́n tó padà wá síbí, fáìlì lè rìn kí POP tó rìn. Ẹ̀rọ ló ṣòro. Crown oní-zirconia, tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbẹ́ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ torí pé á sún kì tó ìdá kan nínú márùn-ún, sábà máa ń wà nínú iná ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 1,500°C fún wákàtí púpọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí iná bá lọ láàárín.

Níhìn-ín, ẹ̀tọ́ méjì kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í lò. Lábẹ́ òfin ohun èlò ìṣègùn ti 2002, ilé-iṣẹ́ tó bá ṣe crown fún yín gbọ́dọ̀ kọ ìwé kan tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ẹ sì lè ní kí dókítà fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀. Àwòrán 3D ẹnu yín náà jẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera yín. Bí ẹ bá béèrè fún ẹ̀dà rẹ̀ lábẹ́ UK GDPR, wọ́n ní oṣù kan láti dáhùn, lọ́fẹ̀ẹ́ sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ ní STL ni ẹ fẹ́, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀.