Ta ni kì í ṣe ẹnjiníà nílẹ̀ yìí?

Bí èèyàn bá dúró sí ibùdókọ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá, tó pariwo "Ẹnjiníà!", ó kéré tán, èèyàn mẹ́ta ni yóò bojú wẹ̀yìn. Rewáyà yóò dáhùn, ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe yóò dáhùn, bíríkìlà tó ń lọ jẹun pàápàá yóò dáhùn. Ẹni tó gboyè iṣẹ́ náà ní yunifásítì lè wà láàárín wọn, kó má tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.

Ẹ̀fẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹnjiníà ojú títì kì í tú mọ́tò kí nọ́ọ̀tì mẹ́ta má ṣẹ́ kù sílẹ̀ nígbà tó bá tò ó padà. Bí onímọ́tò bá béèrè, yóò ní àwọn òyìnbó ló fi ìyẹn kún un láìnídìí. Àwọn ará gáréèjì náà kì í gbà kó tán síbẹ̀. Lójú tiwọn, ẹnjiníà yunifásítì ni ẹni tó so táì mọ́rùn, tó lè ya ẹ́ńjìnnì sójú pátákó, àmọ́ tó jẹ́ pé bí mọ́tò rẹ̀ bá kú lójú ọ̀nà Ìbàdàn, mẹkáníìkì tí kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ ni yóò ránṣẹ́ pè.

Ti àwọn oníná tún wà ńbẹ̀. Ọdún 1972 ni ìjọba dá NEPA sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí àwọn èèyàn fi tú lẹ́tà mẹ́rin náà sí "Never Expect Power Always", ìyẹn ni pé kí ẹnikẹ́ni má retí iná nígbà gbogbo. Wọ́n yí orúkọ padà sí PHCN lọ́dún 2005, aráàlú ní ìṣòro ló pààrọ̀ orúkọ. Wọ́n tà á fáwọn aládàáni lọ́dún 2013. Síbẹ̀, títí dòní, bí iná bá lọ, NEPA náà ló mú un lọ.

Kì í ṣe ìwà burúkú ló bí àṣà pípe gbogbo èèyàn ní ẹnjiníà. Yorùbá kì í dédé pe àgbàlagbà lórúkọ, ẹni tó sì fi òru tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe tọ́ sí ọ̀wọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, "engineer" ni wọ́n ń pe ẹni tó wá tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe, òfin ibẹ̀ kò sì sọ pé kí wọ́n má pè é bẹ́ẹ̀. Jámánì ní tiwọn fi òfin dáàbò bo orúkọ náà. Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ pẹ̀lú: COREN, tí òfin ọdún 1970 dá sílẹ̀, ló ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sínú ìwé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì ní ìwé tiwọn lọ́tọ̀.

Nídìí ilé kíkọ́ ni ẹ̀rín ti ń di ẹkún. Bàbá kan lábúlé lè fi owó kòkó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí wọ́n bá bi í ta ló ń bójú tó iṣẹ́, yóò ní ẹnjiníà ti wà níbẹ̀. Bíríkìlà ló ń sọ. Bíríkìlà náà lè mọ búlọ́ọ̀kù í tò kó gún régé, ó lè rẹ́ ògiri kó máa dán. Ṣùgbọ́n iye irin tí yóò gbé dẹ́ẹ̀kì dúró lórí pálọ̀ tó fẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣirò. Irin tó lò nílé tó kọ́ gbẹ̀yìn ló tún ń lò níbí, ilé ọ̀hún ì báà kéré sí tuntun. Bàbá tó ti ń pè é ní ẹnjiníà láti oṣù mẹ́fà kò sì ní í rí ìdí tó fi yẹ kóun tún náwó lé ẹnjiníà mìíràn. Ẹ̀tàn tó wà ńbẹ̀ nìyẹn: ẹnu onílé ló fi oyè jẹ bíríkìlà, onílé náà ló tún gba oyè ọ̀hún gbọ́.

Kì í ṣe pé ìwé ẹ̀rí nìkan ní í gbé ilé ró. Ilé alájà 21 tó wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní November 1, 2021, pa ju èèyàn 40 lọ, kì í sì í ṣe bíríkìlà abúlé ló wà nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn tó wó ni lẹ́tà kan jáde, èyí tí ilé iṣẹ́ ẹnjiníà tó bá wọn dá sí iṣẹ́ náà ti kọ ní February 2020, pé àwọn yọwọ́. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ẹnjiníà. Ẹni tó bá buwọ́ lùwé ṣeé wá kàn, COREN sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Ẹnjiníà ojú títì kò buwọ́ lu nǹkan kan. Bí ògiri bá là, fóònù rẹ̀ kò ní í lọ mọ́.

Àwọn baba ńlá Yorùbá pe mọlémọlé ní mọlémọlé, wọ́n pe alágbẹ̀dẹ ní alágbẹ̀dẹ, kò sẹ́ni tó rò pé wọ́n tàbùkù wọn. Ọ̀gá bíríkìlà kì í ṣe orúkọ ẹ̀gàn. Ní ọjọ́ tí ọ̀gá náà bá ní òun fẹ́ da dẹ́ẹ̀kì, kí onílé bi í níbo ni ìwé tí wọ́n ya irin náà sí wà, àti ta ló buwọ́ lù ú. Bó bá fi ìka kan orí ara rẹ̀, tó ní "Ibí ló wà, Bàbá", kí wọ́n má tíì po kọnkéré.