Ta ló sọ pé Yorùbá kì í ṣarán?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí mi mọ́. Èyí tó ní ìwádìí Ìbàdàn ti fi hàn pé Yorùbá kì í ní dìmẹ́nṣíà, pé ewédú àti àmàlà ló ń ṣọ́ ọpọlọ wa. Irọ́ ni. Ìwádìí náà ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbí, Hendrie àtàwọn tiẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n fi àwọn àgbà Ìdíkàn tó ti pé ọdún 65 wé àwọn Adúláwọ̀ ẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis. Èsì jáde nínú jọ́nà JAMA ní 2001: lọ́dọọdún, 1.35 nínú 100 ni dìmẹ́nṣíà ń mú ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis.

Ó kéré, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n 1.35 kì í ṣe òdo o! Nínú 1,000 àgbà tí iyè wọn ṣì pé, bíi 13 tàbí 14 ni àìsàn yìí máa mú lọ́dún kan ṣoṣo. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún mú àwọn mìíràn. Ẹ wá ka àgbà tó wà ládùúgbò yín. (Ẹni tó bá ní ewédú ló fa ìyàtọ̀ náà, ewédú ló ń tà.)

Ṣé ẹ tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń rí dátà irú èyí? Kì í ṣe dátà tẹ́ ẹ fi ń wo TikTok o. Ìyá tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti pé 65? Ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀: nígbà tí nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀, ṣé ẹ ti lọ́kọ, àbí ọmọdé ṣì ni yín? Tẹ́ ẹ bá ṣi ọjọ́ orí kọ, gbogbo ìṣirò ti wọ́ nìyẹn, torí bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni àìsàn yìí ń pọ̀ sí i. Ìbéèrè náà ò sì gbọdọ̀ sọ ẹni tí kò kàwé di aláìsàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lo CSI-D, tó máa bi àgbà fúnra rẹ̀ léèrè, tó tún máa bi ará ilé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni dókítà á tó yẹ èèyàn wò.

Ará ilé yẹn gan-an ni mò ń bá wí. Tó bá ní "Màmá ò ní nǹkan kan, àgbà ló dé," kí lẹ fẹ́ kí ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kọ? Mi ò sọ pé òun ló mú kí ti Ìbàdàn kéré. Mo ní kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣírò ohun tí ìtìjú ò jẹ́ kẹ́ ẹ sọ.

Kí ló ń bí mi nínú tó báyìí? Tó bá jẹ́ pé Yorùbá kì í ṣarán, kí ló wá ń ṣe ìyá tó jáde lóru, tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, tó ń pe orúkọ àwọn tó ti kú? Ẹ ti mọ ohun tí àdúgbò máa sọ. Àjẹ́ ni, ó ti ń jẹ́wọ́. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ẹ̀yin ń fi "ọpọlọ Yorùbá" yangàn lórí fóònù, wọ́n ń na arúgbó aláìsàn lójú títì.

Tí olùwádìí bá kan ilẹ̀kùn yín lọ́la, ẹ má sọ pé àgbà ló dé. Ẹ sọ oṣù tí màmá kọ́kọ́ sọnù lọ́nà ọjà. Ẹ sọ orúkọ ọmọ tó kọ́kọ́ gbàgbé, àti iye ìgbà tó ti fi iná sílẹ̀ lábẹ́ ìkòkò òfìfo. Ẹ dúró kí wọ́n kọ ọ́ tán.